Èló ló máa tó tún balùwẹ̀ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá ni o

ÌyáIre:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ tún balùwẹ̀ wa ṣe, Ìkòròdú ni a wà. ₦850,000 ló wà nílẹ̀. Ṣé ó máa tó? Ta lẹ mọ̀ tó ń lẹ táìlì dáadáa? Màmá mi ń bọ̀ wá wẹ ọmọ ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

BíríkìlàỌ̀gbà:
Àǹtí, ẹ ò sọ bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ ò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Iye owó tí ẹnikẹ́ni bá dá lé e níbí, kí ẹ tó dé ọjà Odùnadé lọ́la ó lè ti yàtọ̀. Ẹ mọ iye ẹrù ná, kí ẹ tó lọ bèèrè owó.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 8 ni. Ilẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ bíi mítà 3.7 (sukúéà mítà ni mò ń sọ). Tí ẹ bá lẹ ògiri dé ẹsẹ̀ bàtà 7, tí ẹ yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ògiri á jẹ́ bíi mítà 14.4. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, torí gígé àti fífọ́: mítà 4 fún ilẹ̀, 16 fún ògiri. Páálí táìlì sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60 tó ní ẹyọ 8 nínú, mítà 1.44 ni, nítorí náà páálí 12 ni ògiri máa gbà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, ẹ má gba ti ẹnu ọlọ́jà. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára páálí bára mu, torí pé àwọ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè má jọ ti òní.

Fún rírẹ́ ògiri àti títẹ́ ilẹ̀ padà, àpò sìmẹ́ǹtì 4, bárò yanrìn 10. Gọ́ọ̀mù táìlì oníkílò 20, àpò 5. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni àwókù. Táìlì àtijọ́ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ máa kún àpò 40 sí 50. Èèyàn ló máa rù ú síta, ọkọ̀ ló máa kó o dànù, owó sì ni méjèèjì.

Nínú ₦850,000 yẹn, ẹ yọ ₦127,500 sẹ́yìn kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ìdá 15 nínú 100 nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè rí páìpù tó ti bàjẹ́ nínú ògiri àfi tí wọ́n bá fọ́ ògiri.

AlfaPáìpù:
Ọ̀gá Bíríkìlà ti sọ ti táìlì. Ti omi ńkọ́?

Ẹ má ra WC kí ẹ tó wo ihò rẹ̀. Tí páìpù ìdọ̀tí rẹ̀ bá wọ ilẹ̀, irú WC tí wọ́n ń pè ní S ni ẹ máa rà. Tó bá wọ ògiri, P ni. Tó bá jẹ́ S, ẹ wọ̀n ọ́n láti ara ògiri tí táìlì ti wà lára rẹ̀ dé àárín ihò, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé lọ sọ́jà. Tí ìwọ̀n yẹn bá yàtọ̀, ẹ máa san owó fífọ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Áńgù fáàfù (èyí tí wọ́n fi ń ti omi) 3: ọ̀kan fún WC, méjì fún básíìnì bí omi gbóná bá wà. Kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì bo páìpù inú ògiri, kí wọ́n dí gbogbo ẹnu rẹ̀, kí wọ́n ṣí omi sí i mọ́jú. Púlọ́ńbà tó bá ní kò pọn dandan, ẹ má san owó rẹ̀ tán.

ỌmọAláàgbàdo:
Ẹ gbà mí o, mo fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná sí tèmi, ti lítà 50. Ṣé jẹnẹ́rétọ̀ kékeré yẹn lè gbé e?

OnínáMushin:
Kò lè gbé e. Ó sábà máa ń jẹ wáàtì 1,500 sí 2,000, “I better pass my neighbour” kò sì tó 1,000. Wáyà 2.5 tí kò gba ibòmíì kọjá ni kí wọ́n fà fún un, pẹ̀lú suwíìṣì amp 20 àti ẹ́ẹ̀tì tó wọlẹ̀ lóòótọ́. Fáàfù kékeré tó ń kán lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí i. Ibẹ̀ ni agbára omi gbóná ń gbà jáde.

ÌyáÌbejì:
ÌyáIre, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ táìlì lé táìlì fún yín o!!! Wọ́n ṣe é fún wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá wa dín owó fífọ́ kù. Ilẹ̀ ga sí i tó sẹ̀ǹtímítà 2. Balùwẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju yàrá lọ tẹ́lẹ̀ wá bá yàrá dọ́gba, omi ìwẹ̀ ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀kùn kò ṣí mọ́. Ihò omi di kòtò tí ìdọ̀tí ń dúró sí. Sìmẹ́ǹtì lásán ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú táìlì tó ń dán, ni ti ògiri bá ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. A wá san owó fífọ́ ìpele MÉJÌ. Ẹ sá fún wọn!

TundeFẹ̀ẹ́rẹ́:
Yéè! Ti ògiri já bọ́? Lórí èèyàn ńkọ́?

Kọ́ntírákítọ̀Yábàá:
Ẹ má pa á pọ̀, mà. Sìmẹ́ǹtì lásán ló bà á jẹ́, kì í ṣe táìlì lórí táìlì. Tí ti àtijọ́ bá dì mọ́ ògiri pinpin, ẹ fi irin kan ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Èyí tó bá dún bí ohun tó ṣófo, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin ha ojú ìyókù kó lè rí dìmú, kí ẹ wá fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀ pé ó wà fún táìlì lórí táìlì lẹ̀ ẹ́.

BíríkìlàỌ̀gbà:
Ògiri ilé ìdáná, mo gbà. Ilẹ̀ balùwẹ̀ kọ́.

Kọ́ntírákítọ̀Yábàá:
Ọ̀gá, ta ló dárúkọ ilẹ̀? Ẹ ka ohun tí mo kọ.

ÌyáÌbejì:
Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ṣe tiwa ṣe sọ ọ́. Gọ́ọ̀mù tó ní òun máa lò, a ò rí àpò rẹ̀ kankan.

Kọ́ntírákítọ̀Yábàá:
Ẹ jẹ́ kí wọ́n já àpò lójú yín, mà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌyáIre:
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni o. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ní omi ń kán sí pálọ̀ àwọn láti síílìn. Ìdí tí mo fi fẹ́ yí táìlì padà nìyẹn.

BíríkìlàỌ̀gbà:
Háà! Àǹtí, ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó ṣáájú. Táìlì kì í dá omi dúró. Omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ohun tó wà lábẹ́ táìlì ló ń dá a dúró.

AlfaPáìpù:
Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń jò. Tó bá ń kán tọ̀sán-tòru, bẹ́nikẹ́ni kò tiẹ̀ wẹ̀, páìpù tó ń gbé omi wá ni. Tó bá jẹ́ ìgbà tí èèyàn bá wẹ̀ nìkan, ilẹ̀ ni, tàbí páìpù omi ìdọ̀tí. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá fọ WC, ìdí WC ni. Ẹ da búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sínú táǹkì WC, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹnì kan dúró nísàlẹ̀. Tí omi tó ń kán bá ní àwọ̀ búlúù, ẹ ti rí i nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìdí WC, ó ṣeé ṣe kó máà gbà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó yín.

BíríkìlàỌ̀gbà:
Tó bá jẹ́ ilẹ̀, ẹ fọ́ ọ dé ojú dẹ́kìn. Kí wọ́n tẹ́ ẹ padà kó dà sí ìhà ihò omi, sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, wọ́tápúrúfù (ohun tí kì í jẹ́ kí omi kọjá) oníméjì, ìyẹ̀fun pẹ̀lú omi rẹ̀. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ti èkejì dábùú ti àkọ́kọ́. Kó gun ògiri sẹ̀ǹtímítà 30, ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ kó dé mítà 2. Ìdí páìpù àti igun ògiri ló máa ń jò jù, kí wọ́n fi aṣọ rẹ̀ tẹ́ ibẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ dí ihò, ẹ dá omi sẹ̀ǹtímítà 5 sí i fún wákàtí 24, kí ẹ lọ wo síílìn nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni táìlì tó kàn. Ọ̀sẹ̀ méjì há fún gbogbo èyí, òótọ́ ni. Owó yín lè tó, tí ẹ kò bá lépa táìlì olówó ńlá.

ỌmọAláàgbàdo:
Jẹnẹ́rétọ̀ wáàtì mélòó wá ni kí n rà?

ÌyáIre:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti bá ọkọ mi sọ ọ́. A ti ra táìlì dúdú tó ń dán, 60 sí 60, pẹ̀lú WC dúdú tó bá a mu. Ẹni tó ń lẹ táìlì ládùúgbò ní òun lè lẹ̀ ẹ́ lé ti tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ti omi tó ń kán, a máa wò ó tí màmá bá lọ.

ÌyáÌbejì:
Ẹ̀yin lẹ mọ̀.

BíríkìlàỌ̀gbà:
Àǹtí, táìlì tó ń dán nílẹ̀ balùwẹ̀, tí màmá máa gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ti dúdú yẹn sí ògiri. Ilẹ̀ ń fẹ́ 30 sí 30 tó rí hára-hàra. Ńlá bíi 60 kì í tẹ̀ sí ihò omi láìjẹ́ pé wọ́n gé e sí mẹ́rin.

AlfaPáìpù:
Tó bá ti di dandan, ẹ gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé ìdérí ihò omi sókè bá ojú táìlì tuntun. Kí wọ́n sì fi àfikún sí ìdí páìpù WC kó má bàa rẹlẹ̀ jù.

ÌyáIre:
Inú ògiri ni páìpù WC wa wọ̀ o. S ni ọlọ́jà tà fún wa. Ṣé ó máa ṣe é?

AlfaPáìpù:
Ẹ má tíì ya páálí rẹ̀. Ẹ gbé e padà lọ́la.