Token oníṣòwò Cincinnati, 1863: bàbà ni àbí idẹ?

Akówójọ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní token oníṣòwò kan (owó kékeré tí àwọn oníṣòwò ń jẹ́ kí wọ́n rọ fún wọn nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà) láti Cincinnati, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, tí wọ́n kọ 1863 sí. Mìlímítà 19 ni fífẹ̀ rẹ̀, ó wọ̀n tó gíráàmù 3.00. Ojú rẹ̀ ti dúdú, àmọ́ etí rẹ̀ pupa rúsúrúsú, nǹkan aláwọ̀ ewé sì ti ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà kan. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá bàbà ni tàbí idẹ? Ṣé mo lè fọ̀ ọ́?

Òṣùwọ̀n: Ìwọ̀n gbẹrẹfu ò sọ nǹkan kan, torí àwọn aládàáni ló rọ ọ́, bó ṣe wu kálukú ló ṣe nípọn tó. Ẹ gbé ife omi lé òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so token náà, kó rì, ṣùgbọ́n kó má kan ìdí ife. Iye tí ẹ bá rí ni kí ẹ fi pín 3.00. Èsì yẹn ló ń sọ bí irin náà ṣe wúwo tó ju omi lọ. Tó bá sún mọ́ 8.9, bàbà ni. Idẹ máa ń wà ní nǹkan bí 8.5. Ibi tó ti le nìyí: lórí òṣùwọ̀n, bàbà á fi gíráàmù 0.337 hàn, idẹ á fi 0.353 hàn. Òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 ò lè yà wọ́n, èyí tó ń ka 0.001 ni kí ẹ wá. Ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sómi, torí atẹ́gùn tó bá há sára lẹ́tà á gbé iye yẹn sókè, bàbà á wá dà bí idẹ.

Ẹ̀yìn_Owó: Ó tọ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Nínú kátálọ́ọ̀gì Fuld, ìwé tí àwọn akówójọ fi ń dá irú token bẹ́ẹ̀ mọ̀, OH-165 ni Cincinnati. Lẹ́tà oníṣòwò ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà nọ́ńbà, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ni irin: *a* ni bàbà, *b* ni idẹ. Oníṣòwò kan náà, irin ọ̀tọ̀, iye owó lè jìnnà síra gan-an. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò dáadáa pẹ̀lú awò, ẹ ka ìràwọ̀ àti ewé, nítorí oríṣiríṣi oníṣòwò ni wọ́n ń fi òǹtẹ̀ ẹ̀yìn kan náà tẹ̀ ẹ́ fún. R ló ń sọ bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó: R1 ju ẹyọ 5,000 lọ. R10, ẹyọ kan ṣoṣo. Tí ẹ bá rí NOT tín-ín-rín lókè ONE CENT (ìyẹn ni pé kì í ṣe sẹ́ǹtì kan), ọgbọ́n ni wọ́n fi dá a, kí ìjọba má baà ní wọ́n ń ṣe ayédèrú owó. Òfin Amẹ́ríkà ti 1864 ló wá fòpin sí rírọ irú token bẹ́ẹ̀.

Má_Fọ̀_Ọ́: Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú kàn án o! Bí a ṣe ń fọ idẹ ilé kọ́ nìyẹn. Ásíìdì á bó awọ rẹ̀, á pọ́n rokoṣo, ẹni tó ń rà á á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn bá rọ̀ tó sì ń yọ̀, PVC, ike rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àpò owó, ló fà á: ẹ rì í sínú acetone ògidì (omi kẹ́míkà tó ń yọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀), nínú ife díńgí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìfi nǹkan nù ún. Èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò ò dára. Ẹ jìnnà síná. Tó bá le bí èèpá, acetone ò ràn án. Igi ìtayín nìkan ni, lábẹ́ awò, èyí tó bá kọ̀ kí ẹ fi sílẹ̀. Inú Mylar, ike tí kò ní PVC, ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí.