Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: wàrà ọmọ mi láti Èkó dé Adó-Èkìtì

Ìyá Dárà: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú tó bá gùn. Ọmọ mi ti pé oṣù mẹ́jọ, ọmú ló ń mu, ó sì ti ń jẹ ògì díẹ̀díẹ̀. Ibi iṣẹ́ wa fẹ́ rán mi lọ tréènìn ọjọ́ márùn-ún l'Ábújá, wọn ò gba ọmọ níbẹ̀, màmá mi wá ní àwọn máa gbé e lọ s'Ádó. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń fún ọmú sínú láílọ́nù kéékèèké, ó ti di mẹ́rìnlá nínú fírísà báyìí, gbogbo ẹ̀ le gbagidi. Ojú ọ̀nà ló ń dẹ́rù bà mí. Berger ni wọ́n ti máa wọkọ̀, tí gosíló bá wà ní Ìbàfò sí Mowe ó lè tó wákàtí mẹ́jọ kí wọ́n tó dé, nínú oòrùn yìí o. Iná ilé màmá mi náà, ó lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí dọjọ́ kejì. Kúlà kékeré kan ni mo ní. Ṣé yìnyín máa dúró dé ọ̀hún? Àbí kí n kúkú ra mílíìkì agolo, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò fún ọmọ jòjòló yẹn, mi ò tíì fún un rí. Sátidé ni wọ́n ń lọ, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Ìlọrin sí Èkó ni mo máa ń gbé tàwọn ìbejì mi gbà. Píọ̀ wọ́tà ni kó o lò, kó o tò ó pẹrẹsẹ sínú fírísà láti Ọjọ́bọ̀, torí èyí tá a bá dì mọ́júmọ́ kan, òde ẹ̀ nìkan ló máa ń le, inú ẹ̀ ṣì jẹ́ omi. Kì í da omi sínú kúlà bíi yìnyín tí wọ́n fọ́, tó bá yọ́ inú láílọ́nù ẹ̀ náà ló máa wà, màmá á tún rí omi tútù mu. To díẹ̀ sísàlẹ̀, kó àwọn wàrà yẹn sáàárín kí wọ́n fara mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí, to ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti sórí, kó o wá fi tówẹ́lì mímọ́ dí gbogbo àyè tó bá ṣẹ́kù. Àyè tó ṣófo ló ń jẹ́ kí yìnyín tètè yọ́. Má jẹ́ kí dírẹ́bà gbé e sí búùtù o, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹsẹ̀ màmá ni kó wà. Kí wọ́n má sì máa ṣí i wò lójú ọ̀nà.

Ìyá Tómi: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi káwọn míì lè fi kọ́gbọ́n. Èmi po mílíìkì agolo sínú fídìn bọ́tù mẹ́ta láago mẹ́fà àárọ̀, mo kó o sínú báàgì lásán, mọ́tò wá bàjẹ́ fún wa ká tó dé Iléṣà. Ìgbà tọ́mọ ń ké láago méjìlá mo fún un, mo tọ́ ọ wò lọ́wọ́ mi kò kan, mo ní kò tíì bàjẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́ ó ti ń bì, ó ń yàgbẹ́ bí omi, ojú ẹ̀ wọnú. Ọpẹ́lọpẹ́ ORS àti zinc tí wọ́n fún un lọ́sibítù. Mi ò jẹ́ po ọ́ sílẹ̀ mọ́ láyé mi.

Bàbá Àdìó: Ṣé tẹ́ ẹ bá sè é kó hó dáadáa kẹ́ ẹ tó dì í, kò ní tètè bàjẹ́ ni? Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe wàrà màlúù nìyẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú ìrònú sà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n se wàrà ọmú o, híhó yẹn ń pa àwọn nǹkan inú ẹ̀ tó ń bá ọmọ gbógun ti àìsàn. Ìyá Dárà, ẹ gbọ́. Wàrà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lè wà níta fún wákàtí 4 tí ooru ò bá ju dìgírì 25 lọ, inú mọ́tò wa lọ́sàn-án kì í sì í ṣe 25. Nínú fíríìjì, ọjọ́ 4. Nínú kúlà tí yìnyín kún dáadáa, ẹ lè kà á sí wákàtí 24. Tiyín tó ti dì yìí, tó bá ti yọ́ tán, wákàtí 24 ló kù fún un nínú fíríìjì, kò sì gbọdọ̀ padà sí fírísà mọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ ṣì ń rí yìnyín wínníwínní nínú ẹ̀, ó ṣì lè padà dì. Èyí tẹ́ ẹ bá ti mú lọ́ wọ́ọ́rọ́, wákàtí 2 péré, èyí tọ́mọ mu kù náà wákàtí 2, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, èmi náà ti jókòó fún ọmú lóru rí.

Ojú ọ̀nà gan-an kọ́ ló ń kọ mí lóminú, ọ̀hún ni. Ẹ má kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ síbi tíná ò dájú. Ẹ bá màmá wádìí bóyá aládùúgbò kan wà tó ń ta míníráà tàbí ẹja dídì tó ní jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ kó wàrà sínú ike tó dé pinpin kó má kan ẹja, kẹ́ ẹ sì kọ déètì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí màmá máa mú èyí tó pẹ́ jù kọ́kọ́.

Ìyá Ìbejì: Mo fara mọ́ ọn. Ẹ sì fi kọ́ọ̀pù kékeré àti ṣíbí kọ́ ọ láti òní, ó rọrùn fún màmá láti fọ̀ ju fídìn bọ́tù lọ. Ihò orí fídìn yẹn, ìdọ̀tí máa ń há síbẹ̀.

Ìyá Dárà: Ẹ ṣé gan-an ni, omi ti fẹ́ẹ́ bọ́ lójú mi. Ìbéèrè kan ló kù: mo yọ́ ọ̀kan wò lánàá, ó ń rùn bí ọṣẹ, ọ̀rá sì léfòó sórí ẹ̀, mo ti dà á nù. Ṣé ìyókù náà ti bàjẹ́ ni? Tí mo bá sì fẹ́ fi mílíìkì agolo ṣe ìgbáralé ńkọ́?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Áà, kò bàjẹ́ o! Ọ̀rá máa ń ya sórí, ẹ kàn rọra yí ike yẹn kiri lọ́wọ́ yín á pò padà. Òórùn ọṣẹ yẹn, nǹkan kan wà nínú wàrà ọmú tó ń fọ́ ọ̀rá ẹ̀, tàwọn míì máa ń rùn bẹ́ẹ̀ tó bá pẹ́ nínú fírísà, kò ní pa ọmọ lára. Èyí tó bá ti kan gan-an, ẹ̀yin fúnra yín á mọ̀, á máa rùn kíkan. Inú abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí màmá ti yọ́ ọ, kì í ṣe orí sítóòfù, kì í ṣe máíkíróweefù.

Ní ti agolo, ẹ fún un díẹ̀ nílé kí Sátidé tó dé ká lè mọ̀ bóyá ó bá a lára mu. Lójú ọ̀nà, gbígbẹ ni kí ìyẹ̀fun ẹ̀ wà nínú ike mímọ́, kí omi tó hó wà nínú fúláàsìkì tó dáa, ìgbà tọ́mọ bá fẹ́ mu ni kí wọ́n pò ó. Ìyẹ̀fun yẹn lè ní kòkòrò àìfojúrí, omi tí ooru ẹ̀ tó dìgírì 70 ló ń pa á, lẹ́yìn náà kí wọ́n ki ike tí wọ́n fi pò ó bọ omi tútù kó tù kó tó kan ẹnu ọmọ. Kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ tá a ti pò ó, tọ́mọ bá sì ti fẹnu kàn án, wákàtí 1.

Ìyá Dárà: Ẹ kú àdúrótì o. Aago méje kọjá ni wọ́n kúrò ní Berger, aago mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n dé Adó. Mẹ́wàá ni mo kó fún wọn. Orí fóònù ni mo wà tí màmá ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń kà á sí mi létí, mẹ́sàn-án ṣì le bí òkúta, èyí tó wà lókè pátápátá ló ti ń rọ̀, wọ́n gbé e sí fíríìjì kí Dárà fi sùn. Àwọn mẹ́sàn-án ti wà nínú fírísà ìyá tó ń ta míníráà lójúlé kejì. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ tu ṣíbí àkọ́kọ́ dànù, ó wá ń nawọ́ sí kọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀. Èmi ti wà l'Ábújá, mo ti fún ike kan lálẹ́ yìí, àwọn òtẹ́ẹ̀lì sì ti gbà kí n máa gbé e sí fírísà kíṣìnnì wọn.