Ẹṣin Ojúde Ọba tí mo tò sórí tábìlì ní Ohio

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan nínú àwa tó ń gbé ẹṣin oníke kéékèèké lọ sí ìdíje ṣàlàyé bí gàárì ṣe yọ̀ kúrò lẹ́yìn ẹṣin rẹ̀ lójú adájọ́, mo rántí ohun tí ojú tèmi rí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ẹṣin oníke lọ sí ìdíje ní ìpínlẹ̀ Ohio tí mò ń gbé. Fún àwọn tí kò tíì dé irú ibẹ̀ rí, kì í ṣe ẹwà ẹṣin nìkan ni wọ́n ń wò. A óò dì í ní gàárì, a óò fi ìjánu sí i lẹ́nu, a óò gbé ọmọláńgidi gùn ún, a óò sì tò wọ́n bí ẹni pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ fífo ọgbà, ìbáà jẹ́ dída màlúù. Adájọ́ yóò wá wò ó bóyá wọn ì bá lè ṣe iṣẹ́ náà láìfarapa, ká ní wọ́n ní ẹ̀mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, nítorí náà Ojúde Ọba ni mo yàn: àwọn ọmọ ìdílé Balógun lórí ẹṣin ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, nígbà tí wọ́n bá ń lọ kí Awùjalẹ̀. Ẹṣin Breyer (ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe ẹṣin oníke) tí mo lò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ẹṣin gidi, èyí ni pé ọkùnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 kò gbọdọ̀ ju íńṣì 8 lọ lórí rẹ̀. Aṣọ òkè ni ó kọ́kọ́ dá mi lágara. Mo gé lára ìró ìyá mi tó ti gbó, mo fi rán agbádá, ó sì dára lọ́wọ́ mi, àfi ìgbà tí mo wọ̀ ọ́ fún ọmọláńgidi tí mo rí i pé ìbú aṣọ kan ṣoṣo ti bo gbogbo àyà rẹ̀. Ìbú tó jẹ́ íńṣì 4 lára ènìyàn kò yẹ kó tó ìdajì íńṣì lára rẹ̀. Mo tú u ká, mo wá sẹ́dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì ń fi òwú kan ṣoṣo fa ìlà sí i lára ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Adájọ́ kò tilẹ̀ wo agbádá náà pẹ́. Ẹnu ẹṣin ni ó tẹjú mọ́. Mo ti fi wáyà tín-ín-rín tẹ irin ìjánu, mo sì fi ìda díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun ẹnu, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ rọ̀ dirodiro lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin, bẹ́ẹ̀ ẹṣin tí mo yàn jẹ́ èyí tí wọ́n mọ bí ẹni ń sáré tagbáratagbára. Lẹ́yìn tí obìnrin náà dájọ́ tán, ó bi mí bí ẹni tí kò fa ìjánu rárá yóò ṣe dá irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ dúró láàárín èrò. N kò rí èsì fọ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, ooru ti mú ìda yọ́, ọmọláńgidi mi sì ṣubú. Àwọn àgbà ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Tèmi kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n ka èsì.

Ní ọdún kejì, ẹṣin tó dúró tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè ni mo mú, mo fa okùn ìjánu le, mo sì fi ọmọláńgidi kan sílẹ̀ tó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Mo kọ káàdì kékeré tó sọ ohun tí Ojúde Ọba jẹ́, nítorí adájọ́ kò lè yẹ ohun tí kò mọ̀ wò. Rìbọ́n aláwọ̀ ìyeyè, ti ipò kẹta, ni wọ́n fún mi.

—

Ẹlòmíràn nínú wa fèsì pé: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ní tèmi, fífo ọgbà ni. Mo to ọgbà méjì sórí tábìlì, mo sì fi íńṣì 20 sí àárín wọn, ó sì wù mí gan-an. Adájọ́ ní ìṣísẹ̀ kan ẹṣin gidi tó ń sáré máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà 12, èyí tó jẹ́ íńṣì 16 lórí tábìlì, àti pé ẹṣin tó bá fò kọjá ọgbà àkọ́kọ́ nílò àyè láti balẹ̀, kó ṣí ẹsẹ̀ kan, kó tó tún fò. Íńṣì 32 ni ó yẹ kí n fi síbẹ̀, tábìlì mi kò sì gbà á. Ọgbà kan ṣoṣo ni mo ń gbé lọ báyìí.