Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Jim, ẹrú inú ìwé Huckleberry Finn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Mò ń kọ àròkọ lórí ìwé ìtàn Mark Twain yìí, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1885. Ìwà Jim, ẹrú tó sá lọ, ló ń dà mí láàmú. Mo kọ́kọ́ pè é ní bàbá fún Huck, ọmọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà: òun ló fi àkísà bo òkú bàbá ọmọ náà kó má baà rí ojú rẹ̀. Ó tún kédàárò pé òun gbá ọmọbìnrin òun létí láìmọ̀ pé àìsàn ti sọ ọ́ di adití. Ibẹ̀ wọ̀ mí ní akínyẹmí ara.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Tom Sawyer, ọ̀rẹ́ Huck, dé, gbogbo eré ọmọdé tí wọ́n ń fi Jim ṣe ló ń gbà, láìbínú. Mo ti tún apá ìparí yẹn kà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ fò ó, ọkàn mi kò gbà.

Ṣé kí n dúró lórí pé bàbá ni Jim, àbí kí n gbà pé òǹkọ̀wé ló sọ ọ́ di ẹrú aláwàdà níkẹyìn?

Mo dúpẹ́ ṣáájú o.