Ẹlẹ́rìí tó ti parọ́ rí nínú ẹjọ́ ìpànìyàn: ṣé ẹ lè gbà á gbọ́? Ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan àbúrò mi ọkùnrin, ọdún mẹ́ta ló lò ní àtìmọ́lé. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ pé òun fojú òun rí i níbi tí wọ́n ti pa ọkùnrin náà. Nígbà tí ẹni náà wọ àpótí ẹlẹ́rìí, lọ́yà wa yọ ìwé jáde: ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí ayédèrú ìwé ẹ̀rí, ó sì ti búra èké rí nínú ẹjọ́ ilẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ohun tí wọ́n ń bi í nìyẹn. Adájọ́ ní òun ò lè gbé ẹ̀mí èèyàn lé ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n dá àbúrò mi sílẹ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà làwọn èèyàn ti ń wò ó bí ẹni tó yọ́ bọ́. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ ẹlẹ́rìí ló gbà á sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé kóòtù rí, báwo lẹ ṣe rí i? Ṣé irọ́ àná lè ba ẹ̀rí òní jẹ́?

Èké Ò Sunwọ̀n
Ẹni tó bá lè parọ́ lórí ìwé ẹ̀rí á parọ́ lórí òkú. Tèmi nìyẹn.

Ọmọ Akọ̀wé Kóòtù
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ọdún 14 ni mo fi ṣe akọ̀wé ní kóòtù, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ nǹkan kan: òfin ò sọ pé kí òpùrọ́ má jẹ́rìí. Ohun tí wọ́n ń fi irọ́ àtijọ́ ṣe ni pé kí adájọ́ lè mọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Irọ́ kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù kó lè ríṣẹ́, irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò dà bí ẹni tó gbé ìwé mímọ́ lọ́wọ́, tó búra, tó tún parọ́. Ti ẹlẹ́rìí yín ti wọ ìbúra, ìyẹn ló ṣe wọ adájọ́ lára bẹ́ẹ̀. Mo rántí obìnrin kan tó jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wọ́n ní ó ti jí owó ẹgbẹ́ kó rí, gbogbo èèyàn ń pòṣé, àṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, wọ́n wá rí ọ̀bẹ náà níbi tó ní kí wọ́n wò gan-an. Ọ̀bẹ ò kúkú ṣẹ̀wọ̀n rí.

Ọmọ Bàbá Rẹ̀
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Òdìkejì tiyín ni mo wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bàbá mi ni wọ́n pa. Ẹni tó rí apànìyàn náà lójú kòrókòró, olè ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣẹ̀wọ̀n, ó sì ti parọ́ fún ọlọ́pàá rí lórí ọkọ̀ kan tó jí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni lọ́yà olùjẹ́jọ́ ń tẹ̀ mọ́ ọn létí: "Ṣé o parọ́ fún ọlọ́pàá nígbà yẹn àbí o ò parọ́?" Ó ní òun parọ́. "Kí ló dé tá a ó fi gbà ọ́ gbọ́ lónìí?" Kò rí èsì fọ̀. Wọ́n dá ọkùnrin náà sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sílé. Aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́ títí dòní.

Adéọlá7
Jésù o. Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi.

Wádìí-Wò
Ẹ dákun, mi ò fi dùn yín o. Kí ni olè yẹn ń ṣe níbẹ̀ lóru?

Ọmọ Bàbá Rẹ̀
Ó wá jalè ni. Ó ti fo ògiri ilé tó kángun sí tiwa, ó lúgọ sẹ́yìn ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lójú adájọ́.

Ọmọ Akọ̀wé Kóòtù
Ẹ dúró ná. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fo ògiri onílé, ẹ̀wọ̀n ló ń wá fún ara rẹ̀ yẹn. Èrè wo ló wà ńbẹ̀? Ẹ̀rí tó ń pa ẹlẹ́rìí lára, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀rí tó ń bọ́ ọ, ọ̀tọ̀ ni. Ohun tó yẹ kí lọ́yà ìjọba tẹnu mọ́ nìyẹn. Ṣé ó sọ ọ́?

Ọmọ Bàbá Rẹ̀
Kò sọ ọ́. Ṣe ló jókòó, tó ń wo ìwé.

Lọ́yà Kékeré
Èyí dùn mí débi pé mo dìde lórí ìjókòó. Ohun tí akọ̀wé sọ nípa èrè yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1959, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Napue, láti Illinois. Wọ́n pa ọlọ́pàá kan. Ẹlẹ́rìí pàtàkì wà lẹ́wọ̀n ọdún 199 lórí ìpànìyàn yẹn kan náà. Wọ́n bi í bóyá ẹnikẹ́ni ṣèlérí nǹkan kan fún un, ó ní rárá. Irọ́ ni, agbẹjọ́rò ìjọba tó ń bi í léèrè sì mọ̀ pé irọ́ ni, ó dákẹ́. Ilé ẹjọ́ fagi lé ìdájọ́ náà. Kì í ṣe nítorí pé ẹlẹ́rìí jẹ́ ọ̀daràn o. Nítorí pé àwọn jùrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ náà, ò mọ ohun tí ẹlẹ́rìí náà ń retí ni.

Bàbá Tó Ń Kàwé
Ẹ jẹ́ kí n fi ti Gravano kún un. Igbákejì John Gotti ni, Gotti sì ni olórí ẹgbẹ́ ọ̀daràn màfíà kan ní New York. Ní 1992, Gravano jẹ́rìí tako ọ̀gá rẹ̀ yìí. Ó gbà pé òun lọ́wọ́ nínú ìpànìyàn 19. Wọ́n gbà á gbọ́, Gotti sì gba ẹ̀wọ̀n gbére.

Èké Ò Sunwọ̀n
Mọ́kàndínlógún! Ẹ wá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú àpótí ẹlẹ́rìí? Ẹ̀yin àgbà, ẹ ronú o.

Bàbá Tó Ń Kàwé
Àbúrò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ nìkan. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti gba ohùn Gotti sílẹ̀ níbi tóun fúnra rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Gravano kàn wá túmọ̀ ohun tí téèpù ti sọ ni.

Èké Ò Sunwọ̀n
Ọdún mélòó lòun gbà?

Bàbá Tó Ń Kàwé
Márùn-ún.

Èké Ò Sunwọ̀n
Ẹ rí i? Èèyàn 19, ọdún márùn-ún. Ẹ ní kí n gbà pé ẹni tó rí irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ ò ní sọ ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó sọ?

Lọ́yà Kékeré
Ibi tẹ́ ẹ dé yìí, mo gbà pẹ̀lú yín. Ẹ wo ti Walter McMillian, ọkùnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn ní Alabama, ní Amẹ́ríkà. Ẹlẹ́rìí tó fi wọ́n dá a lẹ́bi ní 1988, òun náà ń jẹ́jọ́ ọ̀ràn mìíràn. Àwọn èèyàn púpọ̀ tó wà lọ́dọ̀ McMillian lọ́jọ́ ìpànìyàn náà sọ pé ilé ló wà, wọn ò gbọ́ tiwọn. Àwọn jùrì ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n gbére, adájọ́ yí i sí ìdájọ́ ikú. Nígbà tó yá, wọ́n rí téèpù kan tí ẹlẹ́rìí ti ń ráhùn pé wọ́n ń fipá mú òun parọ́ mọ́ ọkùnrin náà. 1993 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Adéọlá7
Torí náà a gba òpùrọ́ gbọ́ níbi tí kò yẹ, a kọ̀ ọ́ níbi tó yẹ. Orí mi ń fọ́.

Àǹtí Òkèèrè
Mo ti jókòó gẹ́gẹ́ bíi jùrì rí nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, ẹjọ́ náà ti parí, mo lè sọ ọ́. Adájọ́ sọ fún wa pé a lè gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, a lè gba apá kan, a sì lè dà gbogbo rẹ̀ nù. Ọ̀rẹ́ olùjẹ́jọ́ ni ẹlẹ́rìí wa, ìtàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ fún ọlọ́pàá kó tó dé kóòtù. Ọjọ́ méjì la fi jà lórí rẹ̀ nínú yàrá. Àgbàlagbà kan lára wa ló yanjú ẹ̀. Ó ní ká kọ gbogbo ohun tí ọmọkùnrin náà sọ sílẹ̀, ká fagi lé èyí tí kò sí nǹkan mìíràn tó gbè é lẹ́sẹ̀. Ó ku mẹ́rin: àkókò ìpè fóònù, ibi tí ọkọ̀ wà, àwọ̀ aṣọ, àti ibi tí wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sí. Mẹ́rin yẹn la fi dá a lẹ́bi. Ó sunkún púpọ̀ nígbà tó ń jẹ́rìí, ṣùgbọ́n a ò ka ẹkún sí.

Wádìí-Wò
Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ka ẹkún sí? Ẹkún kì í parọ́.

Ọmọ Akọ̀wé Kóòtù
Ẹkún ń parọ́ o! Ọdún 14, arákùnrin mi. Mo ti rí ẹni tó sunkún tó fi daku, irọ́ ni. Mo ti rí ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀, tó jókòó bí òkúta, tí ò sun omijé kan.

Ọmọ Bàbá Rẹ̀
Òótọ́ ni. Èmi náà ò sunkún ní kóòtù. Àwọn kan fi sọ̀rọ̀.

Wádìí-Wò
Ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀.
Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ bi yín náà. Ta ló wá pa ọkùnrin tọ̀hún?

Ìyá Ìbejì
Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó tún wá a. Ìyá òkú náà ṣì wà láàyè, bó bá rí wa lọ́nà, á yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mi ò lè bínú sí i. Ká ní wọ́n wádìí fóònù àti ọkọ̀ bí Àǹtí Òkèèrè ṣe sọ yìí ni, bóyá orúkọ àbúrò mi ì bá mọ́, òun náà ì bá sì mọ ẹni tó pa ọmọ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan ni gbogbo wọn gbára lé. Ó wó, gbogbo nǹkan sì wó tẹ̀ lé e.

Ọmọ Bàbá Rẹ̀
Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ yín. Mi ò rò pé mo lè sọ báyìí fún ará ilé olùjẹ́jọ́ láéláé.

Adéọlá7
Àǹtí, olè yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n mú un nítorí ohun tó jẹ́wọ́?

Ọmọ Bàbá Rẹ̀
Ó ṣe oṣù mẹ́jọ. Ó máa ń pè mí lọ́dọọdún lọ́jọ́ tí bàbá mi kú. Kì í sọ̀rọ̀ ẹjọ́. Ó kàn máa ń ní kí n dárí ji òun pé òun ò kígbe lóru ọjọ́ náà, torí ẹ̀rù ń ba òun kí wọ́n má mú òun. Mo máa ń gbé ìpè náà.