Èsì kókó ọrùn mi ti jáde

Ẹ kú àdúrótì mi. Mo ti kọ ọ́ síbí tẹ́lẹ̀ pé wọ́n rí kókó nínú tairọ́ìdì mi, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, pé àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ gbé Bethesda III jáde, ìyẹn ìpele kẹta lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń pín èsì irú àyẹ̀wò yìí: wọn ò lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni àbí kì í ṣe òun.

Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ èjìká mi, ọrùn mi nà sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. “Màmá, ẹ má dá itọ́ mì o,” ni dókítà ń wí. Ó ta mí díẹ̀ ni. Dídúró de èsì ló le jù.

Bethesda II ni! Wọn ò rí àmì jẹjẹrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má tíì gbà kí wọ́n gé e, ẹ ṣé gan-an. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó tún ṣe skáànù. Mo pa ọ̀rọ̀ náà dé síbí.