Mo fẹ́ fi iṣẹ́ ìṣirò owó sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ẹranko. Ṣé mi ò ti pẹ́ jù?

Olùṣirò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì sọ ọ́ létí ọkọ mi pàápàá.

Ọdún 13 ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó. Iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́, wọn ò sì fìyà jẹ mí níbẹ̀. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, akọ ológbò mi ò rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́. Á wọ inú àpótí rẹ̀, á lóṣòó, á ké, á tún jáde. Mo rò pé ìgbẹ́ ló há a. Ìgbà tí mo fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ẹranko, dókítà ní ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ti dí, pé ká ní mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ni, bóyá là bá bá a láàyè.

Dókítà ló la ojú ọ̀nà náà, mi ò fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó jókòó ti ológbò mi ni mi ò lè gbàgbé. Ó fá irun ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò di iṣan ẹ̀jẹ̀ mú kó lè yọ, abẹ́rẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ológbò yẹn ò tiẹ̀ yí orí. Lẹ́yìn náà, wákàtí sí wákàtí ló ń kọ iye omi tó wọ ara rẹ̀ àti iye ìtọ̀ tó jáde. Mo wo ìwé yẹn títí. Àṣé ìwé owó tó wọlé àti owó tó jáde ni mò ń wò!

Láti ìgbà náà, mi ò gbádùn ìdí tábìlì mi mọ́. Ọmọ ọdún 38 ni mí. Ṣé mi ò ti dàgbà jù? Ṣé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ná? Ṣé ìfẹ́ ẹranko nìkan tó fi ṣe é?

Ọ̀rẹ́ Ẹyẹ

Ó tó, ó ṣẹ́ kù! Ẹni tó fẹ́ràn ẹranko ti gba ìwé ẹ̀rí tán. Ẹ máa lọ jàre.

Ìyá Alájá

Ọ̀rẹ́ Ẹyẹ, ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 16 rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ẹranko. Gbogbo ẹni tó wá síbẹ̀ ló fẹ́ràn ẹranko. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ọwọ́ àwọn kan máa gbọ̀n nígbà tí ajá bá ń wò wọ́n bíi pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀.

Olùṣirò, ohun tẹ́ ẹ rí nínú ìwé yẹn ni iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ abẹ, inú ikùn ẹran ni ojú dókítà wà. Èmi ni mo ń wo ìyókù ara. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni mò ń kọ bí ọkàn ṣe ń lù, bó ṣe ń mí, àti bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ẹran tí wọ́n kùn lóorun máa ń tutù kíákíá, pàápàá àwọn kéékèèké. Ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ara ajá tó dá ṣáṣá. Ohun tí à ń pè ní ibà lára èèyàn ni àlàáfíà tirẹ̀. Mo tún máa ń fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀. Á funfun lábẹ́ ìka mi, bí mo bá sì gbé ìka kúrò, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ tí yóò fi pọ́n padà. Ẹ̀rọ ti parọ́ fún mi rí. Èrìgì ò tíì parọ́ fún mi.

Ẹ̀yin oníṣirò, ẹ gbọ́ èyí. Ajá kílò 12 ni. Mílígíráàmù 0.2 ni dókítà ní kó gbà fún kílò kan. Mílígíráàmù 5 ló wà nínú mílílítà kan nínú ìgò. Mílílítà 0.48 lẹ máa fà. Bí àmì àárín yẹn bá yẹ̀ sípò, ẹ fa 4.8, kí ẹ tó mọ̀ ọ́n ẹ ti ṣe ajá léṣe. Ibi tí àwọn ọmọ ọdún 19 ti ń làágùn nílé ẹ̀kọ́ nìyí. Ẹ̀yin ò ní làágùn níbẹ̀.

Ìdajì iṣẹ́ tó kù, ilẹ̀ fífọ̀ ni.

Mo-Ti-Kúrò-Níbẹ̀

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọdún 7 ni mo ṣe é kí n tó fi sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má lọ, mo ní kí ẹ lajú.

Owó rẹ̀ ò tó ti iṣẹ́ tí ẹ wà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ọkọ yín ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ̀yìn mi bàjẹ́ nítorí ajá ńláńlá tí mo ń gbé láìpe ẹnì kejì. Ológbò bù mí jẹ lọ́wọ́: ihò wẹ́wẹ́ méjì péré, kò tiẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ tó nǹkan, kí ilẹ̀ tó ṣú ọwọ́ mi ti wú bí iṣu ewùrà. Ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí irú àrùn yẹn bá wà níbi tẹ́ ẹ ti máa ṣiṣẹ́.

Èyí tó lé mi gan-an ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo di ẹran mẹ́ta mú fún abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, èyí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹran kú láìjẹ̀rora. Bí mo ṣe bo ìkẹta tán, mo fọ ojú, mo ṣílẹ̀kùn kejì, ìdílé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ajá tuntun, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè pé báwo ni. Bí ẹ bá ń wá ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣiṣẹ́, ẹ wádìí bóyá wọ́n máa ń jókòó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà

Ẹni ọdún 41 ni mí nígbà tí mo wọlé ẹ̀kọ́ náà, àbúrò mi, nítorí náà ẹ má dárúkọ ọjọ́ orí fún mi. Àwọn ọmọdé yára há orúkọ egungun sórí jù mí lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ajá bá ń sunkún lórí fóònù, èmi ni wọ́n ń pè.

Ohun tó dùn mí ju ìwé lọ: dókítà tí mo lè bí ló ń pàṣẹ fún mi. Nọ́ọ̀sì kì í sọ pé àrùn báyìí ló ń ṣe ẹran, kì í sì í kọ oògùn fún un. Ẹ máa rí ohun tó ń ṣe é nígbà míì kí dókítà tó rí i, ẹ ó sì fọgbọ́n sọ ọ́.

Orúkọ àti òfin yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal College of Veterinary Surgeons, ìyẹn àjọ àwọn dókítà ẹranko, ló ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì ẹranko, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn fún wákàtí 1,800 ó kéré tán. Ní Amẹ́ríkà, veterinary technician ni wọ́n ń pè é. Ìdánwò àpapọ̀ tiwọn tó ń jẹ́ VTNE, ìbéèrè 170 ni ní wákàtí 3, 150 péré ni wọ́n sì ń ka máàkì rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ kankan, ọwọ́ àjọ tó ń forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ o! Ẹ gba ìsinmi, ẹ lọ bẹ ilé ìwòsàn kan kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wá wòran.

Olùṣirò

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Mo ti sọ fún ọkọ mi. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń ka ìlù ọkàn ológbò nínú oorun rẹ̀.

Mo lọ fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kìn-ín-ní, àgò ẹran ni mo fọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bàbá kan gbé ajá rẹ̀ tó ti darúgbó wá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, nọ́ọ̀sì tú okùn ọrùn ajá náà, ó nù ún mọ́ kó tó fà á lé bàbá lọ́wọ́. Mo lọ sunkún níbi tí wọ́n ń kó aṣọ ìnura sí. Nígbà tí mo jáde, ó fún mi ní ìgbálẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Mo máa padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Ìyá Alájá, ẹ̀yin ńkọ́, irú bàtà wo lẹ máa ń wọ̀? Ẹsẹ̀ mi ti wú.

Ìyá Alájá

Èyí tó ṣeé fọ̀, tí kì í yọ̀, kó sì fi díẹ̀ tóbi jù yín lọ. Ẹ ra méjì. Ìtọ̀ ajá ò mọ bàtà tuntun.